Àwọn ọmọ wa ń ṣeré ọmọ onílẹ̀ ní Pópó-Ọbà: ta ló kọ́ wọn?

Ìyá Àkànbí (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Èpé nílé lóko. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti àná, mo ní kí n gbé e síbí kí n má bàa tún gbé e sùn lálẹ́ òní.

Mo wà lẹ́yìnkùlé lánàá, mò ń yan ẹja, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lójúde. Wọ́n tó méje. Àgbà inú wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Mo rò pé bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ fa ilà yí ilẹ̀ ká, wọ́n ri igi mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n so ọ̀rá pupa mọ́ orí igi. Ọmọbìnrin kan gbé báàgì mi àtijọ́ kọ́ apá, òun ni oníbàárà tó wá láti Lẹ́kí. Ọ̀kan ń fi okùn wọn ilẹ̀. Ọ̀kan ń to àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù léra, ó ní bíríkìlà lòun. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn mẹ́ta já wọ inú ilà náà, wọ́n fi pákó na ilẹ̀ gbàgà: "Ẹ dáṣẹ́ dúró! Ta lẹ rí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

Oníbàárà ní òun ti sanwó. Wọ́n ní owó ilẹ̀ nìyẹn, owó ìpìlẹ̀ ńkọ́? Ó ka òkúta mẹ́ta fún wọn. Owó fẹ́ńsì ńkọ́? Owó dẹ́kìn ńkọ́? Owó òrùlé ńkọ́? Wọ́n to owó náà tẹ̀léra bí ẹni ń ka a, b, d. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, òun ló wá fi kádìí ẹ̀: "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ tún máa rí wa o."

Mo rẹ́rìn-ín. N ò purọ́, mo rẹ́rìn-ín dáadáa. Àfi ìgbà tí mo rí ẹni tó jókòó sórí àpótí nídìí ògiri, tí wọ́n ń kó òkúta náà lọ fún, tó fi jígí dúdú bàbá rẹ̀ sójú. Ọmọ mi ni.

Mo pè é wọlé, mo ní ta ló kọ́ yín ní irú eré yìí? Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, mọ́mì."

Ìbéèrè mi náà nìyẹn. Lójúde yìí kan náà, nígbà tiwa, ọjà ẹja la máa ń ná nínú eré. Ewé la fi ń ṣe ọ̀bọ̀kún, ìdérí ìgò la fi ń ṣe owó, a ó máa yọ ara wa lẹ́nu lórí iye tá a máa gbà á. Ta wá ló kọ́ àwọn tibí yìí?

---

Ará Kánádà

Ẹ bá mi kí oníbàárà yẹn o. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Kánádà. Mo ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Pòkà, mo san owó ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí pé ẹbí méjì ló ní ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ó kéré tán, òkúta lòun fi san tiẹ̀.

---

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ayé

😂😂 "Ẹ tún máa rí wa o." Ọmọ yẹn ti mọṣẹ́!

---

Ọmọ Onílẹ̀ Gan-an

Ìyá Àkànbí, ẹ kú ilé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa.

Ọmọ onílẹ̀ kì í ṣe èébú. Ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá mi ló ṣán igbó yẹn, wọ́n sin òkú wọn síbẹ̀. Àjàgùngbalẹ̀ lọ̀tọ̀, ọmọ onílẹ̀ lọ̀tọ̀, ẹ má da iyọ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn. Ẹ wo bí ọ̀nà Lẹ́kí sí Èpé ṣe dà. Èbúté ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lẹ́kí ní 2023, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní 2024, àwọn tó ń ta ilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń pe igbó wa ní orúkọ òyìnbó. Pulọ́ọ̀tì kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ bàbá wa ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹ lọ bi wọ́n léèlò ni wọ́n ń tà á báyìí. Ọmọ tí ò bá mọ ààlà ilẹ̀ baba rẹ̀ lóde òní, wọ́n á tà á mọ́ ilẹ̀ náà ni.

Èmi, inú mi dùn pé àwọn ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n.

---

Tíṣà Nọ́fọ́rìjà

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé kí ọmọ mọ ààlà. Ṣùgbọ́n ààlà kọ́ ni wọ́n ń ṣe nínú eré yẹn. Ẹ tún un kà. Oníbàárà ti sanwó ilẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé pákó wá. Ohun tí òfin dúkìá ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 ń bá wí nìyẹn: kí ẹnì kan fi ipá wọ orí ilẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fi ipá gba dúkìá. Àwọn ọmọ náà ò sì bi ara wọn pé bàbá ta ló nilẹ̀. Ẹni tó jókòó sórí àpótí ló nilẹ̀.

Ìyá Àkànbí, ẹ ní ta ló kọ́ wọn. Nígbà tá a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Nọ́fọ́rìjà níbí, wọ́n kọ́ wa nípa ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Albert Bandura, ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà. Ní 1961 ó kó ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 72 jọ. Ó ní kí àgbàlagbà kan máa lu ọmọlangidi ńlá kan tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, kó máa fi igi gbá a lórí, kó máa ta á nípàá, kó máa sọ̀rọ̀ sí i bó ṣe ń lù ú, lójú apá kan nínú àwọn ọmọ náà. Apá kan rí àgbàlagbà tó kàn jókòó jẹ́ẹ́. Wọn ò sọ fún ọmọ kankan pé kó ṣe nǹkan. Nígbà tí wọ́n wá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọlangidi yẹn, àwọn tó rí ìlù ló lù ú jù, wọ́n sì ń lù ú gẹ́lẹ́ bí àgbà yẹn ṣe lù ú, títí kan ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu rẹ̀ jáde.

Èyí tó wá kàn wá jù ni èyí tó ṣe lẹ́yìn náà, ní 1965. Ó fi fíìmù hàn àwọn ọmọ. Nínú ọ̀kan, wọ́n fún ẹni tó lu ọmọlangidi ní ẹ̀bùn. Nínú ìkejì, wọ́n bá a wí, wọ́n jẹ ẹ́ níyà. Nínú ìkẹta, wọn ò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ tó rí i tí wọ́n jẹ ẹ́ níyà ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe bíi tirẹ̀. Gbogbo wa ní kíláàsì ti ń mi orí pé ẹ ò rí i, ìyà dára. Ọ̀gá wa ní ká dúró ná. Bandura wá sọ fún gbogbo àwọn ọmọ náà pé ẹni tó bá lè ṣe ohun tó rí nínú fíìmù á gba jùsì àti àwòrán mèremère. Kíá ni gbogbo wọn ṣe é, àtẹni tó rí ẹ̀bùn, àtẹni tó rí ìyà. Wọ́n ti kọ́ ọ tán látìgbà tí wọ́n ti rí i. Wọ́n kàn ń dúró de ìgbà tí owó máa wọ̀ ọ́ ni.

Mo kọ́ ìwé náà láti yege ìdánwò. Mo gbàgbé rẹ̀ títí di ọdún tó kọjá tí mo bi kíláàsì mi, Pírámárì Kẹrin, pé kí ni wọ́n fẹ́ dà. Àwọn tó sọ ẹ́jẹ́ǹtì ilẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó sọ dókítà. Kò sí ẹyọ kan tó sọ apẹja, bẹ́ẹ̀ ilé apẹja ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá sílé ìwé.

---

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ayé

Tíṣà, èwo ni ti ọmọlangidi òyìnbó? Ẹ na ọmọ kó dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí wọ́n ń nà wá, ṣé a ya pòókíì?

---

Tíṣà Nọ́fọ́rìjà

Ìdáhùn ẹ wà nínú ìtàn tí mo sọ. Ẹ padà ka ibi jùsì.

---

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Mo ki gbogbo yín. Mi ò mọ ìwé tó Tíṣà, ṣùgbọ́n mo bí márùn-ún, mo wà lọ́jà Olúwo láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ìyá mi ò kọ́ mi ní ọjà títà lọ́jọ́ kan báyìí. Ó kàn ń mú mi dání ni. Mo ń ha ìpẹ́, mo ń la inú ẹja, mo ń bu omi sí i. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní nǹkan tó fẹnu sọ, gbèsè ló fi hàn mí. Ó ní, "Wo owó yìí. Ó pọ̀ lójú rẹ, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in: ti apẹja nìyí, ti yìnyín nìyí, ti ọkọ̀ nìyí, ti àjọ nìyí. Ohun tó ṣẹ́ kù ò tó ra gàrí kóńgò kan. Ó ní, "Èyí ni tèmi àti tìẹ." Látọjọ́ yẹn, bí mo bá rí owó lọ́wọ́ ènìyàn, mo kọ́kọ́ ń ronú pé ti ta ni?

Àwọn ọmọ tó ń wo ọmọ onílẹ̀ ń rí owó, wọn ò rí ibi tó ti wá. Ẹnì kan kàn gbé báàgì wá láti Lẹ́kí, owó jáde. Ó dàbí omi ẹ̀rọ lójú wọn.

Èmi ń mú àwọn ọmọ mi lọ sọ́jà. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba bínú sí mi, ó ní mò ń fi ọmọ ṣòwò.

---

Agbẹjọ́rò Kékeré

Ìyá wa, ẹ má bínú, àbúrò ọkọ yín ò jẹ̀bi tán. Láti 2004 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọ wà níléèwé fún ọdún 9 àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó sì wà láti 2007. Mo máa ń kọjá ní Olúwo ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ń rí ọmọ tó ń ha ẹja. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé tó bá gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ ti di nǹkan mìíràn.

---

Ìyá Ẹlẹ́ja Olúwo

Agbẹjọ́rò mi, o káre. Tèmi ń dé láti ilé ìwé kí wọ́n tó wá, wọn ò sì ń pẹ́ níbẹ̀ ju ìrun áṣárì lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ, àwọn kan wà níbẹ̀ láàárọ̀, a mọ̀ wọ́n, a sì ń ra ẹja tí wọ́n ha. Mo ti bá ìyá ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́. Ó ní ṣé n ó bá òun san owó yunifọ́ọ̀mù ni. Mo dákẹ́.

---

Alfa Ilé-Kéú

Assalamu alaykum. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀ láìsọ nǹkan, nítorí pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, kò sì wù mí láti sọ ọ́.

Ìyá Àkànbí, ẹ ní ta ló kọ́ wọn. Mo wà lára wọn.

Ọdún méjì sẹ́yìn, a ṣe wòlímọ̀ fún àwọn ọmọ kéú tó parí Kùránì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: aṣọ funfun, láwàní, òbí ń jó, gbogbo àdúgbò pé. Ọmọkùnrin kan ka Súrátù Yásín láìwo ìwé. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ apẹja, ó ná an ní igba náírà mélòó kan, ó padà jókòó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àwọn tó ń ta ilẹ̀ dé pẹ̀lú jíìpù mẹ́ta. Kò tíì bọ́ sílẹ̀ tí mo ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo pe orúkọ bàbá rẹ̀, mo ní àwọn mọ́líkà ń bá a rìn. Mo dá kíkà Kùránì dúró kí n lè kí i. Ọmọ tó ń kà lọ́wọ́ dúró sórí ìdúró, ó dákẹ́, ó ń wò mí.

Owó tó fún wa lọ́jọ́ náà la fi kan páànù ilé-kéú. Abẹ́ páànù yẹn ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé ẹ ń sanwó ilé ìwé, ẹ ń sanwó lẹ́sìnnì, ẹ wá kó ìwà ọmọ fún Alfa nìkan. Mo ṣì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn kọ́ lọ́wọ́ mi ní ìṣẹ́jú kan yẹn, n ò mọ iye ọdún tí mo máa fi kọ́ ọ kúrò lọ́kàn rẹ̀.

---

Ará Kánádà

Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san òótọ́ tẹ́ ẹ sọ. Tíṣà ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin kì í pè wọ́n sórí tábìlì ọlọ́lá ní ìparí ọdún?

---

Tíṣà Nọ́fọ́rìjà

A máa ń pè wọ́n. Èmi ni mo ń kọ lẹ́tà ìpè.

---

Kò-Sí-Orúkọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bèèrè orúkọ mi. Mo ti ṣe é rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n àdúgbò kan ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Wọn ò ní kí n lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n ṣáà dúró, kí èèyàn lè pọ̀. Mo dúró. Ọkùnrin tó ń kọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá, ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó ń pe èmi ọmọ kékeré ní "ẹ̀gbọ́n." N ò jẹ́ gbàgbé bó ṣe dùn mọ́ mi nínú. Nírọ̀lẹ́, wọ́n fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Bàbá mi dé láti orí ọ̀sà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó jáde láti ìdájí. Èpìyà kéékèèké ló kó dé, kò kún abọ́. Ìyá mi ò sọ nǹkan sí i. Èmi gbé owó tèmi fún ìyá mi. Kò bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Ó fi méjèèjì gbà á, ó gbé e kan orí, ó ní, "Ọmọ mi, o ò ní ráhùn. Ibi tí eléyìí ti wá, á tún pọ̀ sí i." Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń tú àwọ̀n rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, jùsì, àwòrán. Àdúrà ni wọ́n fi san tèmi.

Àwọn èèyàn rò pé mo ronú pìwà dà ni mo ṣe kúrò níbẹ̀. Rárá o. Ilẹ̀ ló tán. Ẹbí ta èyí tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n ta tẹ̀yìn, wọ́n ta èyí tí omi ń wọ̀, wọ́n ta ibi tí wọ́n ní ká má dáko sí nítorí àwọn bàbá wa. Lọ́jọ́ kan a jókòó, kò sí oníbàárà, nítorí pé kò sí ohun tá a máa tà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Bàbá mi ti kú. N ò mọ àwọ̀n í ta, n ò mọ ọkọ̀ í tù. Ọ̀kadà ni mò ń gùn báyìí, mo máa ń gbé àwọn tó kọ́lé sórí ilẹ̀ wa lọ sílé wọn.

Ọmọ Onílẹ̀ Gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kí ọmọ mọ ààlà. Mo mọ gbogbo ààlà. Mo lè fọwọ́ nà á sí yín títí di òní. Kò sí ọ̀kan tó ṣì jẹ́ tiwa.

---

Ọmọ Onílẹ̀ Gan-an

Àbúrò, mo gbọ́.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé ìjọba àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló kọ́kọ́ jẹ wá níyà lórí ilẹ̀ yìí, wọn ò sì sanwó tó yẹ. Ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi sórí ọmọ ìgboro. Ṣùgbọ́n èyí tó o sọ yẹn, pé ilẹ̀ tán, ẹbí tèmi náà ò jìnnà síbẹ̀.

---

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ayé

N ò rí ẹ̀rín rín mọ́.

---

Bàbá Màrínà

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà tí àṣìṣe bá wà, tiẹ̀ ni. (Bàbá, n ò ṣe àṣìṣe kankan o!)

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, kí n tó tún dà á rú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn. Lábẹ́ ìwọ̀ oòrùn ni Èpé wà nígbà yẹn, a ò tíì sí lábẹ́ Èkó. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹ fi ń ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé náà. Mo wà lára àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 yẹn. Bàbá mi ò bá tí jẹ́ kí n lọ bí wọ́n bá ní kó san kọ́bọ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun yọ ìgẹ̀rẹ̀ nínú omi kí oòrùn tó yọ. Mo máa ń lọ síléèwé pẹ̀lú òórùn ẹja. Gbogbo wa la ń run, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ fẹ́ mọ eré tí àwa ń ṣe? Eré agbowó-orí. Ẹnì kan á fi ewé ṣe fìlà akódà, àwọn kan á sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, akódà á máa wá wọn kiri: "Ìwé orí dà? Ìwé orí dà?" Ẹni tí kò bá ní in, a ó dè é lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe bàbá tí wọ́n ń dè. Gbogbo wa la fẹ́ ṣe akódà. Nítorí kí ni? Nítorí a ti rí i tí bàbá wa ń sá fún un. Ọmọdé ò mọ ìwà rere, agbára ló mọ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ń wárí fún, òun ló máa ń jẹ́ nínú eré.

Ìyá Àkànbí, má lu ọmọ rẹ nítorí jígí dúdú. Nínú gbogbo àwa tá a jẹ́ akódà nígbà náà, kò sí ọ̀kan tó di agbowó-orí. Mo di apẹja, ọ̀kan di tíṣà, ọ̀kan di télọ̀. Ohun tó fa á ni pé nígbà tí eré bá parí, iṣẹ́ gidi ń dúró dè wá, àgbàlagbà kan sì wà nídìí iṣẹ́ náà tí kò ní jẹ́ ká sinmi. Mo fẹ́ bi yín: nígbà tí àwọn ọmọ tiyín bá ṣe eré yẹn tán, kí ló ń dúró dè wọ́n? Fóònù. Àbí mo parọ́?

Mo ní àwọ̀n tó ya. Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ láti ta á. Ẹni tó bá ní ọmọ, kó mú un wá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Agbẹjọ́rò, kò sí iléèwé lọ́jọ́ Sátidé, má pe ọlọ́pàá sí mi.

---

Agbẹjọ́rò Kékeré

Bàbá, èmi gan-an ń bọ̀. N ò mọ̀ ọ́n ta.

---

Kò-Sí-Orúkọ

Bàbá, ṣé ẹni tó ti dàgbà lè wá?

---

Bàbá Màrínà

Wá. Mú ọ̀kadà rẹ dání, o ó gbé mi lọ sómi.

---

Ìyá Àkànbí (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí fún àwọn kan pé n ó ròyìn.

Kí n tó sọ ti Sátidé, ohun kan wà tí n kò kọ nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé. Nígbà tí ọmọ mi ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn, n kò gbà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó wá sọ orúkọ ẹni tí òun ń ṣe bíi tirẹ̀, ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀ ládùúgbò. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ó ní, "Torí òun nìkan ni ẹ máa ń kúnlẹ̀ kí, mọ́mì. Ẹ kì í kúnlẹ̀ kí bàbá tó ń bá wa gbé ẹja wá." Ìtìjú ló jẹ́ kí n fo ibẹ̀. Nígbà tí mo rí ohun tí Alfa kọ, mo mọ̀ pé mi ò lè máa fo ó lọ.

Ó dáa, ti Sátidé. Ọmọ mẹ́rin ló wá, kì í ṣe méje. Ìyá ọ̀kan ní òun ò bí ọmọ fún iṣẹ́ òṣì. Tíṣà wá. Agbẹjọ́rò wá, ó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n gún ara rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò ọlọ́kadà wá, ó jókòó sẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ya ju ti gbogbo wa lọ. Ó jọ pé ó ti ń wo bàbá rẹ̀ nígbà yẹn ju bó ṣe rò lọ.

Bàbá Màrínà ò wàásù rárá. Ó kàn ń sọ pé, "Gba ibí. Fà á. Ó ti le jù, tú u." Àwọn ọmọ ń ṣàríwísí ara wọn. Nígbà tí oòrùn mú, ọmọ mi, alága àwọn ọmọ onílẹ̀, gbé àwọ̀n sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní:

"Bàbá, èló ni wọ́n máa san fún wa?"

Gbogbo wa dákẹ́. Mo fẹ́ bá a wí, Tíṣà fọwọ́ kàn mí.

Bàbá ò bínú. Ó rò ó bí ẹni tó ń ná ọjà gan-an. Ó ní, "Tá a bá lọ sómi, tí ẹja ò bá jáde níbi tó o ta yìí, ẹyọ kan nínú rẹ̀ jẹ́ tìẹ."

Ọmọ náà wo ibi tó ta. Ó tú ojú méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ta.